Ṣé Dandan Ni Kí Ẹsẹ̀ Sáré Kí Ọwọ́ Tó Ṣí?

  Ìbéèrè kan ló dìde láàrin wa ní ìpàdé tó kọjá, akọ̀wé wa sì bẹ̀ mí pé kí n gbé e yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn wa yìí, nítorí pé àkókò kò tó lọ́jọ́ náà, ẹnu sì pọ̀ ju etí lọ.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wa tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ sá eré-ìje tí wọ́n ń pè ní marathon. Ó fi ìwé kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ó ní kí ẹgbẹ́ ìyá òun bá òun fọwọ́ sí i, kí oníkálukú kọ iye tí ó lè san síwájú orúkọ ara rẹ̀. Kì í ṣe tara rẹ̀ ni owó náà wà fún. Ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ òrukàn ni ó fẹ́ kó o fún, irú èyí tí àwa ará Èkó ń pè ní mọ́dàlẹ́ẹ̀sì. Ilé náà kò sì sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Èkó níhìn-ín ló wà. Àwọn òyìnbó tí òun pẹ̀lú wọn jọ ń ṣiṣẹ́ yóò máa sọ pé ọmọ òkè òkun ni àwọn ń ràn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ òkè òkun tí wọ́n ń wí yìí, ẹ̀yìnkùlé tiwa ni.

Bí ìwé náà ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, arábìnrin kan tí gbogbo wa mọ̀ pé kì í gbé ọ̀rọ̀ mì dìde. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ìyá mi. Ta ni eré yìí fẹ́ bọ́? Bí ọmọ wa bá sáré láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ṣé òógùn ojú rẹ̀ ni wọn yóò fi po mílíìkì fún ọmọ ọwọ́? Bí ó bá ní owó bàtà, tí ó sì ní owó fọ́ọ̀mù, kí ló dé tí kò kó owó náà ránṣẹ́ tààrà, kí ó sì jókòó jẹ́ẹ́ sílé ọkọ rẹ̀?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní òótọ́ ni. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè tí ó bá pa kíláàsì lẹ́rìn-ín ni ó máa ń nira jù láti dáhùn.

Kí ọ̀rọ̀ tó lè yé ara wa, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni marathon. Ìtàn àwọn ará Gíríìsì ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ, pé ìránṣẹ́ kan sáré láti pápá ogun Marathon wá sí Áténì láti jíṣẹ́ ìṣẹ́gun, bí ó sì ti jíṣẹ́ tán ni ó ṣubú tí ó kú. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe eré-ìje, Spyridon Louis, ọkùnrin kan tí ń ru omi tà, ni ó sì gba ipò kìíní. Àwa ará Surulere kò ní láti dé ìlú òyìnbó kí a tó rí irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016, ibi Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè ní Surulere ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ marathon ìlú Èkó. Wọ́n gba orí afárá Third Mainland, wọ́n sì parí rẹ̀ sí Eko Atlantic ní etí òkun Victoria Island. Ọ̀nà tààrà kò jìn tó bẹ́ẹ̀; yíyí ni wọ́n yí i kí ó lè pé. Abraham Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, ni ó gbégbá orókè, ẹgbẹ̀rún 50 dọ́là sì ni ẹ̀bùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni àwọn tí ó tẹ̀lé e, tí wọ́n ti mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ pé dọ́là kan kò ní kan àwọn.

Ti Lọ́ńdọ̀nù ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ sá a. Chris Brasher, tí òun fúnra rẹ̀ ti gba góòlù Òlíḿpíìkì ní ọdún 1956, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, àwọn méjì tí ó ṣíwájú, ará Amẹ́ríkà kan àti ará Nọ́wè kan, di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sì jọ dé òpin eré náà pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá a kì í sá a nítorí ipò. Wọ́n ń bẹ ọ̀rẹ́, ará ilé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n dá owó fún iṣẹ́ àánú kan. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2019, owó tí wọ́n ti kó jọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ ti kọjá bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ní ọdún 2024 nìkan, ó ju mílíọ̀nù 73 pọ́n-ùn lọ. Èyí dá apá kan ìbéèrè arábìnrin wa lóhùn. Bí ọmọ wa bá kó owó bàtà rẹ̀ ránṣẹ́, owó bàtà náà ni yóò dé. Bí ó bá sáré, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Surulere rí yóò yọ owó lápò. Ìṣirò nìyẹn, kò sí ìjà nínú ìṣirò.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kọ́ ni arábìnrin wa ń bi wá. Ohun tí ó ń bi wá ni pé, kí ló ṣe ọkàn ọmọ ènìyàn tí kò fi lè gbọ́ pé ebi ń pa ọmọ òrukàn kí ó sì mú owó wá, àfi bí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ sáré títí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀? Kí ni eré fi kan mílíìkì?

Kí a tó dá òyìnbó lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò. Ṣebí gbogbo wa la máa ń wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìkórè. Ọ̀pẹ òyìnbó kan tí kò ju èyí tí à ń rà ní Oyíngbò lọ, ẹni tí ń ta gbàǹjo yóò gbé e sókè, yóò yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ariwo yóò sọ, bàbá ìjọ kan yóò pe iye kan, bàbá ìjọ kejì yóò fi kún un, nígbà tí yóò fi tà tán, iye tí wọ́n san lórí rẹ̀ tó ra apẹ̀rẹ̀ ọ̀pẹ òyìnbó mẹ́wàá. Ìjọ ni ó ni owó náà. Kí ló dé tí wọn kò rọra fi í sínú àwo ọrẹ? Tàbí kí a wo òde ìnáwó. Bí ìyàwó bá ń jó, à ń ná owó fún un, à ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí. (Mo mọ̀ pé òfin báńkì àgbà ti ọdún 2007 ka èyí léèwọ̀, ẹ má fi ọlọ́pàá mú mi.) Ẹni tí ó ná owó náà lè ti fi í sínú àpò ìwé láti àárọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ijó ni ó ń dúró dè. Nítorí náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lè sọ pé ó ya òun lẹ́nu pé ọwọ́ ènìyàn kì í déédéé ṣí.

Bàbá wa John Wesley pàápàá ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1785, ó ti di ẹni ọdún 81. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì Lọ́ńdọ̀nù a máa pín èédú àti búrẹ́dì fún àwọn aláìní wọn ní àkókò òtútù yẹn, ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé aṣọ náà kò sí lára wọn. Bàbá arúgbó yìí bọ́ sí ìgboro ní ọjọ́ náà àti ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀lé e, ó ń tọrọ owó kiri títí ó fi kó 200 pọ́n-ùn jọ. Yìnyín tí ń yọ́ kún ojú pópó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi tútù náà láti òwúrọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àṣálẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, ìgbẹ́ gbuuru ti gbé e dè.

Ẹnìkan lè sọ pé ti Wesley yàtọ̀. Òun ní láti rìn kí ó tó lè kan ilẹ̀kùn àwọn olówó, nígbà tí ẹni tí ń sá marathon kò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ojú títì ni ó ń sá lọ. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, Wesley ní àwọn ọ̀dọ́ oníwàásù tí ó lè rán. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ, ṣé iye kan náà ni ìbá mú bọ̀? N kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn tí ó sì rí arúgbó ẹni ọdún 81 tí bàtà rẹ̀ ń kán omi, kò tún ní béèrè bóyá lóòótọ́ ni àwọn aláìní náà wà.

Ibí yìí ni mo rò pé ìdáhùn wà, nínú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa: onídùúró. Bí ènìyàn bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, yóò wá ẹni tí olówó mọ̀, ẹni náà yóò sì dúró fún un. Láyé àtijọ́, ẹlòmíràn a tilẹ̀ fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, yóò máa lọ ṣiṣẹ́ lóko olówó nítorí gbèsè ẹbí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń bi onídùúró pé, "Ìdúró rẹ yìí, ṣé a ó sè é jẹ ni?" Ohun tí ìdúró rẹ̀ ń ṣe ni pé ó so àjèjì méjì pọ̀. Òyìnbó tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà pẹ̀lú ọmọ wa kò mọ ọmọ òrukàn kankan ní Èkó, kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ọmọ wa ni ó mọ̀. Ó rí i pé ó ń jí ní aago márùn-ún nínú òtútù láti lọ dánra wò, ó sì sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ohun tí ó mú ọmọ yìí kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe àwàdà. Òógùn náà kò bọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ó dúró fún ọmọ.

Ọmọ wa kan ti ṣe èyí lójú gbogbo ayé láìsáré rárá. Tunde Onakoya dàgbà ní Ìkòròdú, ó sì kàwé ní Yaba College of Technology tí ó wà nítòsí wa níhìn-ín. Ó ti sọ fún àwọn oníròyìn pé ìyá òun ni ó gbà láti máa ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé-ìwé kan kí òun lè ráyè kàwé níbẹ̀. Ní ọdún 2018 ni ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò tálákà ní eré chess, ní Májídùn, lẹ́yìn náà ní Mákòkò àti lábẹ́ afárá Òṣòdì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó lọ jókòó ní Times Square ní New York, ó sì ta chess fún wákàtí 60, láti ọjọ́ 17 wọ ọjọ́ 20, òun àti Shawn Martinez ọmọ Amẹ́ríkà. Ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni òfin fún wọn lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Nọ́wè méjì ni ó ti ní àkọsílẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ láti ọdún 2018, wákàtí 56 ó lé díẹ̀. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni ó ní òun ń wá fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń gbé níbẹ̀ gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wá, wọ́n lu orin, wọ́n dúró tì í. Kò sí ọmọ kan tí ó di ọ̀mọ̀wé nítorí pé Tunde kò sùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò gbọ́ Májídùn rí gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ. Olúwa wa kìlọ̀ nípa àwọn tí ń fun fèrè kí wọ́n tó ṣe ìtọrẹ àánú. Ṣé fèrè kọ́ ni marathon? Fèrè ni, ó sì pariwo. Lẹ́yìn tí Hilda Baci dáná fún wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ní Èkó ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹ̀yin náà rí bí àwọn èwe wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tí àwọn yóò fi gba orúkọ, èyí kò sùn, èyí kò dákẹ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn wá orúkọ níbi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin ẹni tí ń fun fèrè pé kí a wo òun àti ẹni tí ń fun ún pé kí a wo ẹ̀yìn òun. Ẹni tí ó mú owó wá ni ìkìlọ̀ náà bá wí jù, nítorí pé òun ni ó lè fi í pa mọ́. Ẹni tí ń tọrọ fún ẹlòmíràn kò lè tọrọ ní ìkọ̀kọ̀.

Wàyí o, bí a bá gbà pé onídùúró ni ẹni tí ń sáré, ẹrù mìíràn gorí rẹ̀ nìyẹn. Onídùúró gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí òun ń dúró fún. Ṣé ọmọ wa mọ ilé yìí? Ṣé ó mọ bí àwọn ọmọ náà ṣe débẹ̀?

Ohun tí ó mú mi béèrè èyí kì í ṣe ohun tí a sọ ní gbangba. Nígbà tí ìpàdé parí, ìyá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń ta ata ní ọjà Ojúwòyè ní Mushin. Mo ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀, ó kàn gbé e fún ẹni tó tẹ̀lé e láìkọ nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ̀yin Tíṣà, kì í ṣe pé mo ṣahun o. Ọmọ mẹ́rin tí àbúrò mi fi sílẹ̀ ni mò ń tọ́. Ọdún kọkànlá rèé. Aago mẹ́rin ni mò ń jí lọ sí Mile 12. Bí a bá ka gbogbo ìrìn yẹn pọ̀, ṣé kò tíì pé kìlómítà tí wọ́n ń wí? Ta ni yóò gbé ìwé tèmi kiri?" Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tí ń béèrè iye tí wọ́n ń ta tòmátì.

Ẹ̀yin ará, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ náà. Ilé àwọn ọmọ òrukàn ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àkáǹtì ní báńkì, ó ní fọ́tò tí a lè fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá yìí kò ní èyíkéyìí. Bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa, irú rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kú kì í sábà lọ sí mọ́dàlẹ́ẹ̀sì. Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá, ìyàwó àbúrò bàbá ni ó ń gbà á. Àwọn tí ó sì wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, àwọn tí ó ti ṣe ìwádìí sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣì ní ó kéré tán òbí kan láyé. Òṣì ni ó gbé wọn débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi fẹnu kò ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 pé kò yẹ kí òṣì nìkan jẹ́ ohun tí yóò ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, àti pé ẹbí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti ọdún 2007. Ẹ wò ó báyìí: bí gbogbo owó marathon bá ń lọ sí ilé tí ó ní pátákó, tí ìyá alátà kò rí kọ́bọ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà yóò mú ọmọ lọ́wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ìrẹsì wà. Owó tí a kó jọ fún òrukàn yóò wá máa sọ ọmọ ẹlẹ́bí di òrukàn.

Nígbà tí mò ń kọ́ni ní Yaba, àwọn ọmọ méjì kan jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà ní Pírámárì Mẹ́rin lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan ti ilé ọmọ òrukàn wá, èkejì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Bí oṣù Kejìlá bá dé, ọkọ̀ á máa tò síwájú ilé ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú àpò ìrẹsì, bísíkíìtì àti ẹni tí ń ya fọ́tò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Mo bi í nígbà kan ìdí tí ó fi ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo fọ́tò, nítorí ọmọ tí kì í rẹ́rìn-ín ní kíláàsì ni. Ó ní, "Tíṣà, bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, wọn ò ní mú ìrẹsì wá mọ́." Ní oṣù Keje, nígbà tí òjò ń rọ̀, kò sí ọkọ̀, kò sí fọ́tò. Ọmọ kejì kò ya fọ́tò rí. Bàtà rẹ̀ já láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kò sì sí ẹni tí ó béèrè, nítorí pé ó ní ilé, ó ní ìyá àgbà, kò yẹ ní ẹni tí à ń ṣàánú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn Hermann Gmeiner, ọkùnrin ará Austria tí ó dá ilé àwọn ọmọ SOS sílẹ̀ ní ọdún 1949, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Ìsọlọ̀ níhìn-ín. Ẹgbẹ̀ta ṣílè owó ilẹ̀ wọn ni ó ní lọ́wọ́. Kò sáré, kò jó. Ó ní kí àwọn ènìyàn máa dá ṣílè kan péré lóṣooṣù, ó sì fi ìyá kọ̀ọ̀kan sínú ilé kọ̀ọ̀kan kí àwọn ọmọ lè dàgbà bí ọmọ ìyá. Ṣílè kan kì í ṣe ohun tí ìwé ìròyìn yóò gbé jáde. Ṣùgbọ́n oṣù Keje wà nínú ṣílè kan lóṣooṣù.

Ọ̀rọ̀ òkèèrè àti ìtòsí ṣì kù, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kí ọmọ wa kọ́kọ́ ran àwọn aláìní Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́. Ọmọ Èkó ni, kò sí ohun tó burú bí ó bá rántí ilé. Ohun tó kàn mí lára ju ìyẹn lọ ni pé ẹni tó wà lókèèrè ń sá kìlómítà 42 nítorí ọmọ tí àwa lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí. Ní Surulere yìí ni Hearts of Gold Children's Hospice wà, tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ara wọn kò pé. Mélòó nínú wa ló mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Owó òkèèrè sì tún ní ewu tirẹ̀. Iye tí wọ́n fi ń ra tíì lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀ lè di owó ìwé níhìn-ín, nítorí náà kì í pẹ́ kí ojú àwọn alábòójútó ilé tó kúrò lára àwa aládùúgbò, kí ó máa wo Lọ́ńdọ̀nù. Àwa ni a lè wọlé láìròtẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti wò bóyá àwọn ọmọ ti jẹun. Òyìnbó kò lè ṣe ìyẹn.

Mo fọwọ́ sí ìwé ọmọ wa, mo sì rọ̀ yín kí ẹ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo bẹ ìyá rẹ̀ kí ó fi tẹlifóònù bi í ní ìbéèrè méjì: àwọn wo nínú àwọn ọmọ ilé náà ni ó ní ẹbí láyé, ṣé ilé náà yóò sì gbà kí apá kan owó náà tẹ̀lé ọmọ lọ sí ilé ẹbí rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe? Inú ọmọbìnrin náà kò dùn lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní, "Mọ́mì, mo ti tẹ fọ́tò ilé náà sára aṣọ tí mo fẹ́ fi sáré." Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ó tún pè. Ó ti bá matron sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà máa ń wá kí wọn lọ́jọ́ Sátidé, ohun tí wọn kò sì ní kò ju owó ilé-ìwé àti oúnjẹ lọ. Ó ní òun yóò kọ ọ́ sínú ìwé tuntun tí òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò dáwó.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, a pinnu lọ́jọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀ pé a ó máa dá owó díẹ̀ lóṣooṣù fún àwọn tí ń tọ́ ọmọ òrukàn nínú ilé ara wọn láàrin wa, a sì ní kí akọ̀wé kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Mo lọ sọ fún ìyá alátà. Ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀ pàápàá, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí wa kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Lẹ́yìn náà ni ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní òun yóò gba owó náà, ṣùgbọ́n kí a jọ̀wọ́ má kọ orúkọ òun sínú ìwé tí wọn yóò kà ní gbangba, kí èmi náà má sì kọ ọ́ síhìn-ín. Àwọn méjì tó kéré jù kò mọ̀ pé òun kọ́ ni òun bí wọn. Ìwé ìròyìn yìí sì ń wọ ilé púpọ̀, àwọn ọmọ náà sì ti mọ̀wé kà. Ìdí nìyẹn tí mo fi yí orúkọ ọjà rẹ̀ padà, àti ohun tí ó ń tà, àti iye àwọn ọmọ náà.